Ọkọ̀ Àtòtán tàbí Ọkọ̀ Àfọwọ́tò: Èwo Ni Ó Yẹ Kí Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Rà?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jíròrò lé lórí lónìí lè kọ́kọ́ dún bí ọ̀rọ̀ ọmọdé létí àwọn ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìṣeré ni, irú èyí tí a ń fi rédíò darí láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó bí ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ lè rí i pé kì í ṣe eré lásán.

Arábìnrin kan tí ó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ físíìsì ní ilé-ìwé girama wá bá mi. Ó ti gbọ́ pé, bí mo tilẹ̀ jẹ́ olùkọ́ èdè, ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi irú ọkọ̀ yìí najú ní òpin ọ̀sẹ̀. Òun ni alábòójútó ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì ilé-ìwé wọn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ti dá owó jọ, wọ́n sì ti fi ra ọkọ̀ pupa kan tí iná ń tàn níwájú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọkọ̀ náà fi sáré. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Wọ́n gbé e padà tọ ẹni tí ó tà á fún wọn lọ, ó ní kò sí ohun tí a lè pààrọ̀ nínú rẹ̀. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n gbé e sí. Nísinsìnyí, àwọn ọmọ tún ti ń dá owó mìíràn jọ. Arábìnrin yìí wí fún mi pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Bí èyí náà bá tún kú, n kò mọ ojú tí n óò fi wo àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ṣé èyí tí wọ́n ti tò tán ni kí n rà, àbí èyí tí àwọn ọmọ yóò fi ọwọ́ ara wọn tò?"

Ìbéèrè rẹ̀ ni a óò dáhùn lónìí. Kí ọ̀rọ̀ wa má baà lọ́jú pọ̀, ẹ jẹ́ kí a fún ohun méjèèjì ní orúkọ. Ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ ti tò tán, tí ó kù kí a kàn fi iná sí bátìrì rẹ̀ kí ó máa sáré, ni a óò pè ní ọkọ̀ àtòtán. Èyí tí ó wà nínú páálí ní wẹ́wẹ́, tí ẹni tí ó rà á yóò tò pọ̀ fúnra rẹ̀, ni a óò pè ní ọkọ̀ àfọwọ́tò.

Ibi Tí Ọkọ̀ Náà Ti Wá

Fífi rédíò darí nǹkan láti òkèèrè kì í ṣe ìmọ̀ àná. Ní ọdún 1898, Nikola Tesla fi ọkọ̀ ojú omi kékeré kan han àwọn ènìyàn ní gbọ̀ngàn Madison Square Garden ní ìlú New York. Ó ń darí rẹ̀ bí ó ti fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí wáyà kankan láàárín òun àti ọkọ̀ náà. Ó tó nǹkan bí àádọ́rin ọdún lẹ́yìn rẹ̀ kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ń rìn lórí ilẹ̀ tó dé ọjà. Ní ọdún 1966, ilé-iṣẹ́ El-Gi ti ilẹ̀ Ítálì ti ń ta ọkọ̀ Ferrari kékeré kan tí a ń fi rédíò darí.

Ilé-iṣẹ́ tí ó sọ iṣẹ́ yìí di ohun tí ọ̀dọ́ púpọ̀ lè dáwọ́ lé ni Tamiya, tí ó wà ní ìlú Shizuoka ní ilẹ̀ Jàpáànì. Iṣẹ́ pákó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1946. Ní ọdún 1976, wọ́n gbé ọkọ̀ àfirédíòdarí wọn àkọ́kọ́ jáde, èyí tí wọ́n ṣe ní àwòrán ọkọ̀ Porsche 934. Nígbà tí ó di ọdún 1984, wọ́n gbé òmíràn jáde fún àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní Grasshopper, èyí tí í ṣe tata ní èdè tiwa. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi tún un gbé jáde ní ọdún 2005. Tata yìí ni a óò máa fi ṣe àpẹẹrẹ ọkọ̀ àfọwọ́tò. Láyé ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó bá fẹ́ ọkọ̀ gidi ní láti tò ó fúnra rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni àtòtán wá gbòde.

Ohun Tí Ó Wà Nínú Rẹ̀

Kí a tó lè yan ọkọ̀, ó yẹ kí a mọ àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀. Ẹ̀rọ ìdarí ni èyí tí ó máa ń wà lọ́wọ́ wa. Ó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí ìgbì rédíò, ẹ̀rọ kékeré kan tí ó wà nínú ọkọ̀ sì ń gba ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rọ agbọ̀rọ̀ yìí ń pín iṣẹ́ fún ẹni méjì. Èkíní ni èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní servo, òun ni ó ń yí táyà iwájú sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Èkejì ni ẹ̀rọ tí ń wọn iná. Òun ni ó ń pinnu bí iná tí yóò ti inú bátìrì dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì yóò ti pọ̀ tó. Ẹ́ńjìnnì ń yí gíà, gíà ń yí táyà.

Nígbà kan, ìgbì 27 MHz ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ń lò. Bí ọkọ̀ méjì bá bọ́ sórí ìgbì kan náà ní pápá kan náà, ọ̀rọ̀ á di rúdurùdu: ẹnì kan á yí ọwọ́, ọkọ̀ ẹlòmíràn á sì yà bàrá. Lóde òní, ìgbì 2.4 GHz ni ó wọ́pọ̀, níbi tí ẹ̀rọ ìdarí àti ẹ̀rọ agbọ̀rọ̀ ti máa ń dá ara wọn mọ̀, tí wọn kì í sì í dá sí ọ̀rọ̀ aládùúgbò. Síbẹ̀, òfin àtijọ́ kan kò yí padà. Bí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ìdarí ni kí a kọ́kọ́ tàn, kí a tó tan ọkọ̀. Bí a bá fẹ́ parí, ọkọ̀ ni kí a kọ́kọ́ pa. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ lè wà láàyè nígbà tí ẹni tí yóò darí rẹ̀ kò sí, a ó sì máa sá tẹ̀lé e kiri.

Ẹ̀yà Kan Ni Ó Bàjẹ́, Gbogbo Ara Ni Ó Kú

Ibi tí arábìnrin wa ti kọsẹ̀ nìyí. Ọkọ̀ pupa tí wọ́n rà kì í ṣe irú ọkọ̀ tí à ń sọ. Ohun ìṣeré lásán ni. Nínú irú rẹ̀, ẹ̀rọ agbọ̀rọ̀, ẹ̀rọ tí ń wọn iná àti èyí tí ń yí táyà wà lórí pátákó kékeré kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá jóná nínú wọn, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn. Àwọn tí ó ṣe é kò tilẹ̀ ta ẹ̀yà rẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí wọn kò ní i lọ́kàn pé ẹnikẹ́ni yóò tún un ṣe.

Ọ̀nà méjì ni a fi lè dá irú ọkọ̀ yìí mọ̀ kí a tó san owó. Ọ̀nà kìíní ni pé kí a rọra yí ọwọ́ ìdarí díẹ̀. Bí táyà iwájú bá yí díẹ̀ bí a ti yí ọwọ́ díẹ̀, tí ó sì yí púpọ̀ bí a ti yí i púpọ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n bí táyà bá kàn fò lọ sí ọ̀tún pátápátá tàbí sí òsì pátápátá, tí kò sí àárín fún un, ohun ìṣeré lásán ni. Ọ̀nà kejì ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ bi ẹni tí ń tà á pé, "Bí apá tí ó di táyà iwájú mú bá kán lọ́la, ṣé mo lè ra apá náà nìkan?" Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ó fi í hàn yín tàbí kí ó fi nọ́ńbà rẹ̀ hàn yín nínú ìwé ọkọ̀ náà. Bí ó bá ń yẹ ojú, ẹ yẹ ẹsẹ̀.

Ẹ ṣe àkíyèsí pé ìbéèrè yìí kò ní í ṣe pẹ̀lú bóyá ọkọ̀ jẹ́ àtòtán tàbí àfọwọ́tò. Òun ni ó ṣáájú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni yíyàn tó kàn.

Ìwà Ọkọ̀ Àtòtán

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọkọ̀ àtòtán ní iyì tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú Slash, tí ilé-iṣẹ́ Traxxas ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2008, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fi ń sáré ìje lórí ilẹ̀ eléruku ni. Ọjọ́ tí a rà á ni a lè gbé e lọ sí pápá. Ẹ̀rọ ìdarí rẹ̀ wà nínú páálí, servo rẹ̀ ti wà ní àyè rẹ̀, àwọn tí iṣẹ́ náà mọ́ lọ́wọ́ ni ó sì de gíà rẹ̀. Ẹni tí kò ní àkókò, tàbí tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ tilẹ̀ fẹ́ràn eré náà, kò ṣe àṣìṣe bí ó bá rà á. A sì ń rí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ rà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí dé orí sukúrúù.

Àléébù rẹ̀ kan wà. Àlejò ni olówó ọkọ̀ àtòtán jẹ́ nínú ọkọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí ohun gbogbo ń lọ déédéé, kò hàn. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá forí sọ ògiri, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tí ó ń kùn bí agbọ́n, ni yóò hàn. Olówó rẹ̀ á dì í mú lọ́wọ́, á yí i sókè, á yí i sódò, kò ní mọ ibi tí a ń gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, gíà kékeré kan ni ó jẹ. Ẹ̀rù ìtúpalẹ̀ ni ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìwà Ọkọ̀ Àfọwọ́tò

Ẹni tí ó bá ṣí páálí Tata yóò kọ́kọ́ gbọ̀n rìrì. Àwọn ẹ̀yà oníke rẹ̀ so mọ́ igi ike bí èso, nọ́ńbà sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn sukúrúù wà nínú ọ̀rá kéékèèké. Ìwé kan wà níbẹ̀ tí àwòrán pọ̀ nínú rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ èdè, ẹ fetí sí èyí: kíka irú ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ ìwé kíkà gidi. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ṣáájú àti ohun tí ó tẹ̀lé e. Ó gbọ́dọ̀ rí ìyàtọ̀ láàárín sukúrúù tí ó gùn ní mìlímítà mẹ́jọ àti èyí tí ó gùn ní mẹ́wàá. Bí ó bá fo ojú ìwé kan, ọkọ̀ á sọ fún un.

Àṣìṣe tí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń ṣe kò pọ̀, wọ́n sì ṣeé yẹra fún. Èkíní, kí ẹ má ṣe gé gbogbo ẹ̀yà kúrò lára igi ike lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ńbà wọn á sọnù, ẹ kò sì ní mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Èyí tí ó kàn ni kí ẹ gé. Èkejì, ojú àgbélébùú orí sukúrúù àwọn ará Jàpáànì yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí ó wọ́pọ̀ níbòmíràn. Sukudíráfà tí kò bá a mu yóò jẹ orí rẹ̀, kò sì ní ṣeé tú mọ́. Ẹ̀kẹta, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ike ni sukúrúù ń wọ̀, bí a bá fi agbára yí i kọjá ibi tí ó ti dúró, ojú ihò á fẹ̀, kò sì ní dì mọ́. Ẹ̀kẹrin, kí a tó de apá servo mọ́ ọn, kí a kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ ìdarí àti ọkọ̀, kí servo lè wá sí àárín gbùngbùn. Ẹni tí kò bá ṣe èyí, ọkọ̀ rẹ̀ á máa yà sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣáá, yóò sì rò pé rédíò ni ó bàjẹ́.

Ẹ̀karùn-ún jẹ mọ́ àwọn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì wọn ṣeé sún síwá sẹ́yìn. Gíà ẹ́ńjìnnì àti gíà ńlá kò gbọdọ̀ fún ara wọn pọ̀ jù, wọn kò sì gbọdọ̀ jìnnà síra. Ẹ fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí àárín wọn, ẹ tì wọ́n mọ́ra, ẹ de ìdè, kí ẹ wá yọ bébà náà. Àlàfo tí bébà bá fi sílẹ̀ tó.

Lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ mélòó kan, ọkọ̀ á dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ẹni tí ó tò ó rí gbà ju ọkọ̀ lọ. Ó ti fi gírísì sí gíà rẹ̀, ó ti rí bí táyà ọ̀tún àti ti òsì ṣe ń yí ní ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí ọkọ̀ bá ń kọrí sí kọ̀rọ̀. Ohun tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ń rí kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì náà nìyí: ẹni tí ó ti dé ẹ́ńjìnnì pọ̀ rí ni ohùn ẹ́ńjìnnì ń bá sọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. Páálí tí a ṣí tí a kò tò tán pọ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn ènìyàn. Ọkọ̀ àfọwọ́tò tí a tò láìbìkítà kò sàn ju ohun ìṣeré lásán lọ. Kò sì yẹ kí a rò pé ó dínwó. Nínú ọ̀pọ̀ páálí àfọwọ́tò, kò sí ẹ̀rọ ìdarí, kò sí ẹ̀rọ agbọ̀rọ̀, kò sí servo, kò sí bátìrì, kò sí ṣájà, kò sí ọ̀dà. Nínú àwọn kan, ẹ̀rọ tí ń wọn iná wà, nínú àwọn mìíràn, kò sí. Kí a ka ara páálí dáadáa, kí a ro gbogbo owó náà pọ̀, kí a tó fi í wé ti àtòtán. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àtòtán pẹ̀lú, nítorí a máa ń rí èyí tí bátìrì àti ṣájà kò sí nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ìkìlọ̀ Lórí Bátìrì

Níhìn-ín, n kò ní fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Irú bátìrì méjì ni ó wọ́pọ̀. Èyí tí wọ́n kọ NiMH sí lára ní ọmọ mẹ́fà nínú, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 1.2, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ fóòtì 7.2. Ó wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ LiPo sí lára fúyẹ́, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n kò gba ìwàkuwà. Bí a bá gba iná sí i kọjá fóòtì 4.2 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, tàbí tí a bá gún un, ó lè gbiná. Bí a bá sì lò ó títí tí ọmọ kan fi lọ sílẹ̀ ju fóòtì 3 lọ, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Ṣájà tí a ṣe fún un nìkan ni kí a lò, kí ènìyàn sì wà nítòsí ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń gba iná. Èyí tí ó bá wú, kí a má ṣe lò ó mọ́. Fún ilé-ìwé, NiMH ni mo fara mọ́.

Ìdájọ́

Nígbà náà, èwo ni kí a rà? Bí ó bá jẹ́ òbí ni ó fẹ́ ra ẹ̀bùn fún ọmọ ọdún méje, kí ó ra àtòtán tí ẹ̀yà rẹ̀ ṣeé rà, kí ó sì jókòó ti ọmọ náà. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí òun náà ra àtòtán, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe dúró de ọjọ́ ìjàǹbá. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, nígbà tí ọkọ̀ ṣì le koko, kí ó tú apá iwájú kan, kí ó sì tò ó padà. Kí ó ṣí ilé gíà, kí ó wò ó, kí ó sì dé e. Nípa bẹ́ẹ̀, ó ti sọ àtòtán di àfọwọ́tò díẹ̀díẹ̀. Èyíówù kí a rà, ọjọ́ tí a bá ra ọkọ̀ ni kí a ra apá iwájú méjì àti gíà ẹ́ńjìnnì kan pamọ́, nítorí àwọn ni ó máa ń tètè lọ.

Ṣùgbọ́n fún ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì, ìdáhùn mi ni àfọwọ́tò, irú Tata, láìsí iyèméjì. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó fún ọmọ ogún. Kí àwọn kan tò ilé gíà, kí àwọn kan tò apá iwájú, kí àwọn kan ṣe ìtọ́jú rédíò, kí àwọn yòókù kun ọ̀dà. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì kọ́ àwọn yòókù ní ohun tí ó ṣe. Bí ọkọ̀ bá kú lọ́jọ́ kan, nítorí pé yóò kú lọ́jọ́ kan, ọmọ kan yóò wà nínú kíláàsì tí yóò wí pé, "Èmi ni mo tò ibẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kí n wò ó." Ohun tí arábìnrin wa ń bẹ̀rù ni pé kí ọkọ̀ má kú. Ohun tí ó yẹ kí ó wá ni ọkọ̀ tí ó ṣeé jí dìde.

Mo sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fún un, ó ní òun gbà. Mo wá bi í léèrè ọkọ̀ pupa orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní ìtìjú ni ó jẹ́ fún òun. Mo ní kí ó gbé e sọ̀kalẹ̀. Bátìrì ni kí ó kọ́kọ́ yọ kúrò, kí ó wá kó sukudíráfà fún àwọn ọmọ, kí wọ́n tú u palẹ̀ wẹ́wẹ́ lórí tábìlì. Gíà wà nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀, táyà mẹ́rin wà lára rẹ̀. Òkú ọkọ̀ náà lè kọ́ wọn ní bí a ti ń tú nǹkan, kí páálí tuntun tó dé láti kọ́ wọn ní bí a ti ń tò ó. Owó tí wọ́n dá lẹ́ẹ̀kìíní kò ní ṣègbé mọ́.